Ẹ̀rọ márùn-ún ni mo tà, mẹ́rin péré ni tèmi

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ìpè Ọlọ́run ti ń jà lọ́kàn rẹ. Àwọn wòlíì méjì tí kò mọ ara wọn ti sọ ọ́ fún ọ. O ti kọ ìwé tí o fẹ́ fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó wà nínú báàgì rẹ, ọkọ rẹ kò sì fara mọ́ ọn rárá. O wá ń béèrè bí o ṣe máa mọ̀ pé Ọlọ́run ni, àti pé ṣé ìgbọ́ràn kọ́ ni kí èèyàn jáde láìmọ ibi tó ń lọ, bíi ti Ábúráhámù. Àwọn kan ti ní kí o fún ọ̀gá rẹ ní ìwé náà lọ́la. Àwọn kan ní ebi ni yóò lù ọ́ pa. Ohun tí ojú mi rí ni èmi máa sọ, torí ìtìjú rẹ̀ ṣì ń bá mi jí láàárọ̀ nígbà mìíràn.

Aránṣọ ni mí, níhìn-ín ní Òṣogbo. Ní 2009, mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Baálẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́rin, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ọmọ Ìkìrun, ó ku oṣù márùn-ún kó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ìyá rẹ̀ ti ra ẹ̀rọ fún un, wọ́n sì ti gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kó lè máa fi ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ náà yóò fi pé. Oníbàárà kan gbé léèsì wá, aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. A wá léèsì náà tì. Mo ní ọmọ yìí ló jí i. Ó búra, ó sunkún, ó dọ̀bálẹ̀. Mo lé e lọ lójú gbogbo àdúgbò, mo sì gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀rọ rẹ̀ dípò aṣọ tó sọnù.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo ń da àpò tí a ń kó àjákù aṣọ sí, kí n lè rí èyí tí màá fún ẹni tó ń fi í ki tìmùtìmù. Léèsì náà wà nísàlẹ̀ àpò, bí wọ́n ṣe ká a gẹ́lẹ́. Èmi ni mo gbá a mọ́ àjákù lóru ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù. Kò sí ẹnì kankan ní ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sórí àpótí, ọ̀rọ̀ kan sì wọ inú mi: lọ bẹ ọmọ yẹn. Etí mi kò gbọ́ ohùn kankan, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú ju bí ẹni pé èèyàn ló dúró tì mí tó sọ ọ́. Mo ká léèsì náà, mo tọ́jú rẹ̀ sísàlẹ̀ àpótí.

Láàárín oṣù yẹn gan-an ni ìpè dé. Mo ń sunkún ní ìṣọ́ òru, mo ń gbààwẹ̀, Bíbélì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Aríran kan pè mí jáde láàárín èrò, ó ní Ọlọ́run ń fẹ́ mi fún iṣẹ́ Rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ ohun tó ń dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ohun ńlá tí mo lè ṣe fún Ọlọ́run, kí Ó má baà bi mí léèrè ohun kékeré yẹn mọ́.

Ẹni tó bá ní kí n rọra ṣe, ìtàn Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ni mo fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà: iṣẹ́ ojú ọ̀nà ló ń ṣe fún ìjọba, ó ń wa ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ títì ní October 1928, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ohùn Ọlọ́run pè é níbẹ̀ pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó lọ wàásù. Nígbà tó fi máa di 1930, Iléṣà ti kún fún èrò tó ń wá ìwòsàn. Ìkéjì-Arákejì tí wọ́n ti pè é kò jìnnà sí wa, mo lọ gbàdúrà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo padà dé, mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ márùn-ún. Mẹ́rin nínú wọn ni tèmi.

Owó yẹn ni mo fi san owó ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo sì fi ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn alámùúlọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti wà ní oríta Ọláìyá. Ọdún mẹ́fà! Ìyàwó mi ń din àkàrà láàárọ̀, ó ń ta ògì nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń lé àwọn ọmọ wálé torí owó iléèwé. Kò bú mi rí. Lọ́jọ́ kan ló kàn béèrè pé, “Dádì, Ọlọ́run tó pè yín yìí, ṣé kò rí àwọn ọmọ yìí ni?” Mo fi ẹsẹ Bíbélì dá a lóhùn. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìdáhùn yẹn nìkan ju lórí ebi tó jẹ lọ.

Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ìwàásù náà. Àwọn kan gbọ́, wọ́n sì yí padà, Ọlọ́run kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Rẹ̀ ṣòfò nítorí ẹlẹ́nu tó ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú Bíbélì tí mi ò lè kà kọjá, Sámúẹ́lì Kìíní orí 15. Ọlọ́run ní kí Sọ́ọ̀lù má dá ohunkóhun sí lára ohun tí àwọn Ámálékì ní. Ó dá àwọn àgùntàn tó dára jù sí, ó ní ẹbọ ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n rú. Sámúẹ́lì bi í pé igbe àgùntàn wo wá ni òun ń gbọ́ yìí? Ibẹ̀ ló ti sọ pé ìgbọ́ràn sàn ju ẹbọ lọ. Bí mo bá ti débẹ̀, léèsì abẹ́ àpótí ni mo máa ń gbọ́.

Bàbá kan nínú ìjọ wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin, ló tú mi sílẹ̀. Mo lọ bá a pé ó ti rẹ̀ mí. Kò gbàdúrà fún mi. Ó ní, “Kí ni Ó kọ́kọ́ sọ fún ọ?” Mo ní Ó ní kí n wàásù. Ó ní, “Mo ní kí ni Ó kọ́kọ́ sọ.” Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.

Mo mú léèsì náà lọ sí Ìkìrun. Mo bẹ ìyá ọmọ náà pé kó bá mi pe àwọn ará agboolé jọ, nítorí gbangba ni mo ti pe ọmọ rẹ̀ ní olè. Mo tú aṣọ náà síwájú wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀rọ tí mo tà. Ìyá náà fọwọ́ kan léèsì yẹn, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ náà ti di ọlọ́kadà. Ó ní òun ti gbọ́, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò jẹ mí ní gbèsè ẹ̀rín. Mo lọ ń bá ẹlòmíràn ránṣọ ní Ìgbọ̀nà, oṣù mẹ́jọ ni mo fi san owó ẹ̀rọ náà fún ìyá rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọmọ náà pè mí lórí fóònù, ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn agbádá kan. A sọ̀rọ̀ ọrùn agbádá fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. A kò sọ ohun mìíràn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú lórí ìlú Jópà. Ibẹ̀ ni Jónà ti wọkọ̀ nígbà tó ń sá lọ sí Tárṣíṣì, ó tilẹ̀ san owó ọkọ̀ rẹ̀ pé. Ìlú kan náà ni Dọ́kásì jókòó sí, tó ń rán ẹ̀wù fún àwọn opó, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó kú, ẹ̀wù tó rán ni wọ́n ń fi han Pétérù. Mo ti tún ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Mo ṣì ń wàásù, ọjọ́ Sátidé nìkan, láìlo gbohùngbohùn.

Wàyí o, ìbéèrè rẹ. Òótọ́ ni pé Ábúráhámù kò mọ ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe: kó jáde kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀, ní ilé bàbá rẹ̀. Ìwọ sọ pé Ọlọ́run ń pè ọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tí Ó ní kí o ṣe nínú gbogbo ohun tí o kọ. Iṣẹ́ olùkọ́ náà, má tíì fi í sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù ń pàgọ́ ní Kọ́ríńtì, ó sì ń wàásù. Ti ọkọ rẹ, mi ò lè sọ pé òun ló tọ̀nà, àmọ́ ní Áńtíókù, àwọn tó wà nínú ìjọ náà ni Ẹ̀mí Mímọ́ sọ fún pé kí wọ́n ya Bánábà àti Sọ́ọ̀lù, tí í ṣe Pọ́ọ̀lù yìí kan náà, sọ́tọ̀, wọ́n sì gbọ́wọ́ lé wọn kí wọ́n tó lọ. Bó bá jẹ́ Ọlọ́run ni, Ó lè sọ fún ọkọ rẹ náà. Fún Un láyè. Má sì bẹ̀rù pé ọdún mẹ́ta ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ Olúwa tọ Jónà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tọ èmi náà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́fà.

Gbólóhùn kan wà tí o sọ kọjá wéré, kò sẹ́ni tó bi ọ́ nípa rẹ̀. O ní láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá ọkọ rẹ ni ìwọ àti ìyá rẹ̀ kò ti kí ara yín mọ́, pé gbogbo ìgbà tí o bá kúnlẹ̀ àdúrà ló ń wá sí ọ lọ́kàn, pé o mọ̀ pé Èṣù ló ń fi dí ọ lọ́wọ́. Ṣé ó dá ọ lójú pé Èṣù ni? Nínú Mátíù orí 5, Jésù ní bí èèyàn bá rántí lẹ́bàá pẹpẹ pé arákùnrin òun ní ohun kan nínú sí òun, kó fi ẹ̀bùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá a làjà. O ní Ẹdẹ ni màmá ń gbé. Fi ìwé yẹn sílẹ̀ nínú báàgì. Lọ́jọ́ Sátidé, mú ọkọ rẹ dání, kí ẹ wọkọ̀ Ẹdẹ.