Kápúsù Pupa-òun-Dúdú Yẹn Ló Bà Mí Lẹ́rù

Ìyá kan láti Ìbàdàn bá kọ́ńdọ̀mù nínú báàgì ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 17 tó wà ní SS3. Páálí kan ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pé nínú rẹ̀. Ó dáná sun ún lẹ́yìnkùlé. Ó wá ń bi mí bóyá kí òun mú ọmọ lọ bá wòlíì, àbí kí òun kọ́kọ́ sọ fún bàbá rẹ̀.

Màmá, ẹ gbé wòlíì tì ná. Nísàlẹ̀ lẹ́tà yín lọ́hùn-ún, ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń ṣírò owó ọjà pé ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, ọmọ ní tóun bá ń tọ̀, ó ń ta òun bí ata, nǹkan bí ọyún sì ń kán sí pátá òun. Ẹ rán an lọ sí kẹ́mísì àdúgbò. Onítọ̀hún ka kápúsù pupa-òun-dúdú mẹ́wàá sínú ọ̀rá kékeré, ẹ ní ara yá. Ìlà kan péré!

Ta ló ní ara yá? Àtọ̀sí lohun tẹ́ ẹ ròyìn yẹn jọ. Kápúsù pupa-òun-dúdú yẹn, ampicillin ló sábà máa ń jẹ́, púpọ̀ nínú kòkòrò àtọ̀sí ayé ìsinsìnyí ò sì kà á sí mọ́. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ni dókítà ń gún sí i. Ìtọ̀ lè má ta mọ́, kí kòkòrò ṣì jókòó síbẹ̀.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ńkọ́? Ẹ ò tiẹ̀ mẹ́nu bà á. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni àtọ̀sí máa ń wà lára wọn tí nǹkan kan ò ní dùn wọ́n. Ó lè rọra gòkè lọ sí ilé ọmọ, kó dí ojú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà. Tó bá wá dé ilé ọkọ láìrí oyún, wọ́n á ní ayé ló so ó.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé nínú páálí, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ọmọ tójú ẹ̀ ti rí màbo lọ wá ohun tó máa fi dáàbò bo ara ẹ̀, kò tíì lo ẹyọ kan, ẹ finá sí i. Ẹ ní rọ́bà á kọ́ ọ níṣekúṣe. Màmá, kí rọ́bà tó wọlé yín ni ìtọ̀ ti ń ta á!

Lọ́la, ẹ mú un lọ sí ọsibítù ìjọba. Ẹ jókòó síta, kí òun àti dókítà sọ̀rọ̀. Kò ní sòótọ́ lójú yín, èmi náà ò ní sọ. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún HIV àti syphilis, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn. Bí HIV ò bá hàn, kó tún padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kó sọ fún ọmọbìnrin yẹn, kóun náà gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì jìnnà síra wọn títí ara àwọn méjèèjì á fi yá.

Bàbá rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ yín.

Ẹ sọ fún un pé rọ́bà kì í gbé inú wọ́lẹ́ẹ̀tì téèyàn ń jókòó lé látàárọ̀, ooru á bà á jẹ́. Kó má fi Vaseline tàbí òróró pa á, á fà ya. Kó wo déètì ara rẹ̀. Ẹ sì bá a ra páálí mìíràn, ẹ̀yin lẹ sun tàkọ́kọ́.