Wúlewúle lọ́rùn, ibà lára: kí ló kan mùdùnmúdùn egungun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ibà dédé mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún 56, ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo níbí. Kò pẹ́ tí nǹkan wúlewúle tó ń ro ó fi yọ sí i lọ́rùn àti lápá. Ó lo oògùn apakòkòrò láti kẹ́mísì, kò ràn án. Dókítà ní ó jọ àìsàn Sweet, pé wọ́n á gé awọ wò, wọ́n sì lè fa mùdùnmúdùn egungun. Kí ló pa awọ àti egungun pọ̀?

Ìdáhùn: Kò sí ọ̀rọ̀ ṣúgà níbẹ̀ o. Sweet ni orúkọ dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1964.

Mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni neutrophil ti ń wá, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà. Nínú àìsàn yìí, ṣe ni wọ́n ya bo awọ ara láìsí kòkòrò tí wọ́n fẹ́ lé. Ẹ rí i pé apakòkòrò kò ní iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Nínú ìwé, wúlewúle náà máa ń pupa. Lára wa ó lè dúdú tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Orí rẹ̀ á máa dán bíi pé omi wà nínú rẹ̀, omi kò sì sí. Ẹ má gún un, nítorí ojú abẹ́rẹ́ lè di wúlewúle tuntun.

Nínú ẹni 5 tó ní i, nǹkan bí ẹni 1 ní jẹjẹrẹ, èyí tó pọ̀ jù sì jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀. Àwọn yòókù, àìsàn ọ̀nà ọ̀fun tàbí ti ìfun, oyún tàbí oògùn ló lè fà á. Awọ lè ṣáájú jẹjẹrẹ náà fi oṣù mélòó kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré, tí platelet, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, já wálẹ̀, tàbí tí wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó, ìgbà yẹn ni wọ́n á fa mùdùnmúdùn láti egungun ìbàdí lẹ́yìn.

Prednisolone, ìyẹn oògùn steroid, ni oògùn rẹ̀: mílígíráàmù 0.5 sí 1 fún kílò kan. Ẹni tó wọn kílò 60 á lo 30 sí 60 láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara á ti tù. Wọ́n á wá máa dín in kù fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì, àìsàn náà sábà máa ń padà. Kí wọ́n yẹ ṣúgà, ìfúnpá àti hepatitis B, ìyẹn àrùn ẹ̀dọ̀, wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ dapsone, oògùn mìíràn fún un, ni wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n yẹ G6PD wò, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in tó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́.

Kó má ra prednisolone fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó gé awọ náà o, torí ó lè pa àmì tí wọ́n ń wá rẹ́. Ẹ kó páálí gbogbo oògùn tó ti lò dání. Bí èrìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ojú ń dùn ún, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.