Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni káàdì beísíbọ́ọ̀lù "Old Judge" tí wọ́n fẹ́ tà fún mi?

Fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ojú rẹ̀. Fọ́tò gidi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí ni Old Judge, kì í ṣe àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Tí o bá rí àmì tóótòòtó bíi ti ìwé ìròyìn, ayédèrú ni, má náwó sí i.

Iléeṣẹ́ sìgá Goodwin ní New York ló ṣe wọ́n láàárín ọdún 1886 sí 1890, tí wọ́n ń kì í bọ páálí sìgá wọn tó ń jẹ́ Old Judge. Inú sítúdíò ni wọ́n ti ya àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Nínú òmíràn, wàá rí okùn tí wọ́n fi so bọ́ọ̀lù rọ̀, bí ẹni pé ó ń fò bọ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín!

Iye owó wọn kò dọ́gba. Aṣọ òde ni Cap Anson, agbábọ́ọ̀lù Chicago, wọ̀ nínú èyí tó pọ̀ jù. Èyí tó ti wọ aṣọ eré ló ṣọ̀wọ́n gan-an.

N172 táwọn olùtà máa ń kọ sí i, nọ́mbà tí Jefferson Burdick, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwé àkójọ àwọn káàdì, fún wọn ni.