Ìpàdé oṣooṣù kì í ṣe ìsìn oṣooṣù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìtàn ìjọ Kuékà ní abúlé Brigflatts, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń kọ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. N kò rí ìwé kankan lórúkọ Brigflatts, àfi "ìpàdé oṣooṣù Sedbergh", ìyẹn ìlú tó wà nítòsí rẹ̀. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń jọ́sìn ni? Kí ló sì pa ìpàdé oṣooṣù run ní 2008?

Ìdáhùn: Kò sí ohun tó pa á run, orúkọ ló yí padà. Màá padà sí i.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kẹ̀? Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń péjọ, tí wọ́n ń jókòó jẹ́ẹ́ láìsí pásítọ̀, títí Ẹ̀mí yóò fi mú ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ó máa ń dùn mí bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe àdàkọ àṣìṣe yìí lọ́wọ́ ara wọn. Ìpàdé oṣooṣù kì í ṣe ìsìn rárá. Ìgbìmọ̀ ni, tó kó ìjọ abúlé mélòó kan pọ̀, bíi sákíìtì àwọn Mẹ́tọ́díìsì. George Fox, olùdásílẹ̀ ìjọ Kuékà, ló rìn káàkiri láti dá wọn sílẹ̀ ní 1667 sí 1668, lẹ́yìn tó jáde lẹ́wọ̀n. Ìgbà ìnira ni. Òfin 1664 ti ka ìsìn tó yàtọ̀ sí ti ìjọ ìjọba léèwọ̀, bí àlejò tó bá dara pọ̀ mọ́ ará ilé bá ti pé márùn-ún. Bí wọ́n bá ti bàbá mọ́lé, ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ? Bí kò bá sí àlùfáà, ta ni yóò jẹ́rìí pé lóòótọ́ ni tọkọtaya ṣe ìgbéyàwó? Abúlé tí kò ju àgbẹ̀ mẹ́wàá lọ kò lè dá a gbé. Ìpàdé oṣooṣù ló gbé e: owó, ìgbéyàwó, ilẹ̀ ìsìnkú, ìbáwí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé fi jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ilé ìpàdé Brigflatts ti wà láti 1675, wọ́n sì ń jọ́sìn níbẹ̀ títí dòní; ẹ má kọ ọ́ láé pé wọn kò kọ nǹkan sílẹ̀.

Ní 2008, "ìpàdé oṣooṣù" di "ìpàdé agbègbè", ti abúlé sì di "ìpàdé àdúgbò". Iṣẹ́ náà ń lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ o! Kó tó di 1752, Ẹrẹ́nà, ìyẹn Máàṣì, ni "oṣù kìn-ín-ní" wọn. Ẹ kọ ọjọ́ bí ẹ ṣe bá a, kí ẹ kọ ìtumọ̀ tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò fojú kan ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí olùtọ́sọ́nà yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ bèèrè ìwé àwọn obìnrin pẹ̀lú. Lọ́tọ̀ ni wọ́n ń ṣe ìpàdé tiwọn nígbà náà, ìwé wọn náà sì sábà máa ń wà lọ́tọ̀.