"Borrow me": ẹ má di ẹ̀bi ẹ̀ ru Yorùbá o

Ìyá ọmọ kan ló béèrè. Ó ní ọmọ òun tó wà ní prámárì mẹ́rin kọ "borrow me your biro" sínú ìwé, tíṣà fi bàírò pupa fà á, ni bàbá kan ní àdúgbò wọn bá ń ṣàlàyé pé kò sí bí ọmọ Yorùbá ò ṣe ní ṣì í, torí "yá" nìkan la ní fún borrow àti lend, pé èdè wa ò kún tó ti òyìnbó. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni.

Irọ́ ni o. Ó sì ń bí mi nínú, torí kì í ṣòní kì í ṣàná tí mo ti ń gbọ́ ọ, àwọn tó kàwé dáadáa ló sì máa ń sọ ọ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti tíṣà, òun ò jẹ̀bi. Ẹni tó ni nǹkan ló ń lend, ẹni tó wá gbà á ló ń borrow. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá nínú ọkàn ẹ̀ ná. Tó bá jẹ́ "yá mi ní bàírò ẹ", lend me your biro nìyẹn. Tó bá jẹ́ "mo yá bàírò lọ́wọ́ ẹ̀", I borrowed a biro from him. Ibi tí "lọ́wọ́" bá ti wọlé, borrow ni, "from" yóò sì tẹ̀lé e, ibi tó bá ti jẹ́ "mi ní", lend ni. Ṣé ẹ wá rí i pé Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀? Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "yá" ló fi yà á, kì í ṣe "yá" fúnra ẹ̀. Òyìnbó náà ń ṣe é, lánlọ́ọ̀dù ń "rent" ilé, ayálégbé ń "rent" ilé kan náà. Àwọn ará Jámánì tí èdè wọn bá Gẹ̀ẹ́sì tan, "borgen" lẹni tó ń yáni ní nǹkan ń sọ, "borgen" náà lẹni tó ń yá a ń sọ, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní èdè Jámánì ò kún.

Àmọ́ ibi tó ń dùn mí jù ni pé àwa la ní ìyàtọ̀ tí òyìnbó ò ní, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nù. Wín ńkọ́?

Mo wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, n'Ísẹ́yìn, ìyá àgbà gbé agolo mílíìkì lé mi lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn wín iyọ̀ wá lọ́dọ̀ ìyá tó wà lójúlé kejì. Mo débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní "ìyá àgbà ní kí ẹ yá àwọn ní iyọ̀". Obìnrin yẹn ń jọ èlùbọ́ lọ́wọ́, ó gbé ajọ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní "iyọ̀ ọ̀hún gan-an lẹ máa dá padà? Ẹ ó wá yọ ọ́ nínú ọbẹ̀?" Ó wá ní "wín ni wọ́n ń wín iyọ̀, ọmọ mi, odó ni wọ́n ń yá." Ó bu iyọ̀ kún agolo, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà tọjà dé, agolo yẹn náà ni wọ́n bu iyọ̀ kún, ṣùgbọ́n wọn ò nù ún, ó ga sókè bí òkìtì èèrà, wọ́n ní kí n rọra gbé e lọ, kó má dà nù.

Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ohun tó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló máa padà, ọkọ́, odó, aṣọ, yá ni. Ohun tá a máa jẹ tàbí tá a máa ná, tó jẹ́ irú ẹ̀ la máa dá padà, iyọ̀, èlùbọ́, owó, wín ni. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tá a fi ń pe ẹni tó háyà ilé ní ayálégbé, torí ilé yẹn gan-an ló máa padà sọ́wọ́ onílé, kò sẹ́ni tó jẹ́ awínlégbé. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ tí wọ́n ní bí kò fúnni lẹ́sẹ̀ á ṣoni náà ńkọ́, ta ló ń wín ṣòkòtò? Borrow ni òyìnbó ń borrow iyọ̀, borrow ló ń borrow odó, kò mọ èyí tó máa padà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa fi òwe gbá mi lẹ́nu, pé "ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje", pé owó ṣebí ni wọ́n yá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, yá gba owó mọ́ra látijọ́, ẹ̀yáwó náà ń bẹ, àmọ́ ẹ dán an wò kẹ́ ẹ wín mọ́tò, ẹ máa rí i pé ẹnu yín ò ní gbà á. Ẹ sì wo òwe yẹn dáadáa: ẹgbẹ̀fà jẹ́ 1,200 owó ẹyọ, ẹgbèje sì jẹ́ 1,400. Igba owó ẹyọ péré ló wà láàárín wọn, ìyẹn lẹni tí kò san gbèsè fi dínà mọ́ ara ẹ̀.

Borrow fúnra ẹ̀ gan-an, ara "borg" ló ti jáde nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, borg sì ni ohun ìdógò tàbí ẹni tó ṣe onídùúró. Àwa náà mọ dógò. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó sọ bí ológò, ìyẹn ẹni tí olówó rán lọ dógò ti onígbèsè, ṣe máa ń wọ ilé onígbèsè, tó máa jókòó tì í, tó máa da gbogbo ilé láàmú títí wọn ó fi sanwó. Ẹ wá wo àwọn áàpù ayánilówó orí fóònù ìsinsìnyí, tó jẹ́ pé tó o bá pẹ́ ọjọ́ méjì pẹ́nrẹ́n, wọ́n ti fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí pásítọ̀ ẹ, sí àna ẹ, sí ẹni tó ta táyà fún ẹ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí èmi náà nítorí gbèsè ẹlòmíì! Ológò ni, kò kàn jókòó ní parlọ̀ ni. Ọmọ tó ń lo áàpù yẹn ò sì gbọ́ wín rí láyé ẹ̀, kò mọ dógò.

Torí náà ìyá ọmọ, ẹ fi ọmọ yín lọ́kàn balẹ̀. Lend me your biro ni kó kọ. Tó bá wá délé, kẹ́ ẹ kọ́ ọ ní tiwa: bàírò yá ni, íǹkì inú ẹ̀ wín ni.