Lọ́kọ́ja kì í ṣe “lọ kó ọjà”

Ìbéèrè náà ni pé, ṣé òótọ́ ni pé “lọ kó ọjà” ló di Lọ́kọ́ja, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ń rán èèyàn lọ kẹ́rù? Ta ló tún ń gbé èyí kiri? Ìlú yòówù tí ìparí orúkọ rẹ̀ bá ti fẹ́ jọ “ọjà”, kíá, a ti fi ọjà túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ fetí sí ohùn, ẹ jọ̀ọ́. Tí “kó” bá gbé “ọjà” mì, “kọ́jà” ló ń dà, bí “kó ẹrù” ṣe ń di “kẹ́rù”. “Lọ kọ́jà” nìyẹn: re, mí, dò. Bí a ṣe ń pe ìlú náà ni Lọ́kọ́ja: mí, mí, re. Nínú sílébù mẹ́ta, ti àárín nìkan ló bára mu. Àwa tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà lójú wa, kí ló dé tí a fi ń fojú fo ohùn nígbà tó bá dórí orúkọ ìlú?

Igi ló wà nínú orúkọ yẹn. Ìrókò ni Hausa ń pè ní loko, ja sì ni pupa. Loko ja, ìrókò pupa. Bí wọ́n bá fẹ́ fi àwọ̀ ṣíwájú igi, jan loko ni wọn ì bá wí. Bó bá gbẹ̀yìn, ja ló máa ń jẹ́, nítorí náà kò sí àléébù kankan nínú gírámà rẹ̀. Àwọn Òwórò, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá lágbègbè ibẹ̀, ní tiwọn sọ pé ìrókò ọjà ni, ìrókò tí wọ́n ń nájà lábẹ́ rẹ̀. Àríyànjiyàn yìí le, torí ẹni tó bá ni orúkọ a fẹ́ ni ilẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n igi kan náà ni tọ̀tún tòsì wọn dì mú! Fọn ní loko, Ẹ̀dó ní uloko, àwa ní ìrókò. R àti l kàn ń gbapò ara wọn ni. Ti Hausa ni mo fara mọ́, torí ó sún mọ́ bí a ṣe ń pe Lọ́kọ́ja ju ìrókò ọjà lọ.

Ẹ wo òkè tó wà lẹ́yìn ìlú náà. Òkè ni Nupe ń pè ní pati. Pategi ni òkè kékeré. Àwa wá ń pe é ní Òkè Patti, “òkè òkè”. Ẹni tó fi ọkọ̀ gúnlẹ̀ sétí odò, tó fẹ́ júwe ibi tó wà, kí ló máa tọ́ka sí bí kò ṣe òkè àti igi ńlá?

Ohun tó sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá ni ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, àti ìbọn. Ní 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá oko sí ìsàlẹ̀ òkè náà; ibà pa Òyìnbó tó lé ní 40, wọ́n sì pa oko náà tì. Ní 1854, Baikie, dókítà Òyìnbó kan, mú kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ Pleiad máa lo kuníìnì, oògùn ibà, ibà kò sì pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Òun náà ló padà wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1860.

Omi ló tún kù. Ní September àti October, odò kún, ọkọ̀ ńlá lè gòkè dé ibẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, odò á fà, iyanrìn á yọ, ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ jìn á sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àfi kí wọ́n kó ẹrù sínú ọkọ̀ onídìí pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ jagun lápá òkè, ó gbọ́dọ̀ ti kó ọta àti oúnjẹ jọ kí omi tó fà. Ní January 1897, bí 500 ọmọ ogun Royal Niger, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, gbéra níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn Maxim. Bida ṣubú kí oṣù náà tó parí, Ìlọrin tẹ̀ lé e ní February.

January 1897 yẹn gan-an, ní ọjọ́ 8, ni ìwé ìròyìn The Times gbé orúkọ “Nigeria” tí Flora Shaw, oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì, dábàá jáde. London ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe orí Òkè Patti tí àwọn kan ń sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fún Nàìjíríà lórúkọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ni ti ọjọ́ 1, January 1900: wọ́n sọ àsìá ilé-iṣẹ́ Royal Niger kalẹ̀, wọ́n ta ti Gẹ̀ẹ́sì sókè, Lugard sì di alákòóso Àríwá. Kò pẹ́ tó fi kó lọ sí Jẹ́bà, ó sì dé Zungeru ní 1902.

Àwọn ọmọ ogun kò tìtorí ìyẹn kúrò ní Lọ́kọ́ja. Ibẹ̀ náà ni wọ́n wá ń kó àwọn ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè sí, èyí tí a kì í sọ fún ọmọdé mọ́. Aliyu, Ẹ́míà Kano, ni wọ́n rọ̀ ní 1903. Wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ sí Yola, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e wá sí Lọ́kọ́ja, kò sì padà sílé títí tó fi kú síbẹ̀ ní 1926.