Kí ni "clan" àwọn ará Scotland: ṣé ìdílé ni àbí agboolé?

Ìyàwó ilé kan tó fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àna rẹ̀ ní North Carolina ní ọmọ clan MacGregor ni àwọn, wọ́n sì ti ra aṣọ onílà (tartan) tó jẹ́ ti clan náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan náà ni clan àti ìdílé tiwa, àti bí wọ́n ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà. Èdè Gaelic, tí àwọn ará òkè Scotland ń sọ, ló ti wá. "Clann" ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "ọmọ" lọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ "ọmọ Oníkòyí" tàbí "ọmọ Olówu" rí ti mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. "Mac" náà, ọmọkùnrin ni: MacGregor, ọmọ Gregor. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, "Nic" ni wọ́n ń lò lédè Gaelic. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní Mac ṣá o. Campbell, "ẹnu wíwọ́" ni. Ìnagijẹ ẹnìkan ló di orúkọ gbogbo ìran. Àwọn MacGregor tiẹ̀ ní gbólóhùn kan tó jọ oríkì, "'S Rioghal Mo Dhream": ti ọba ni ìran mi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń mú èèyàn wọ clan. Àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ olórí clan, tó ń bá a jagun, tó sì ń wá ààbò lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń gba orúkọ rẹ̀. Lójú tèmi, agboolé ńlá tí àlejò ti di ọmọ ilé níbẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù.

Ti MacGregor wá le ju ti àwọn yòókù lọ. Lọ́dún 1603, lẹ́yìn tí wọ́n bá clan mìíràn, àwọn Colquhoun, jà ní Glen Fruin, ìjọba Ọba James Kẹfà fòfin de orúkọ náà. Ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Wọ́n bá ń jẹ́ Campbell, Drummond, Murray, Grant. Wọ́n gbé òfin náà kúrò nígbà kan, wọ́n tún dá a padà, ó di 1774 kó tó kúrò pátápátá. Nítorí náà, baba ńlá tó wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ṣáájú 1774 lè jẹ́ MacGregor kí orúkọ mìíràn sì wà nínú ìwé rẹ̀.

Ní ti aṣọ, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí. Lẹ́yìn ogun Culloden ní 1746, níbi tí ìjọba ti ṣẹ́gun àwọn ará òkè tó ṣọ̀tẹ̀, ìjọba fòfin de aṣọ àwọn ará òkè fún ọkùnrin títí di 1782. Ẹ̀yìn ìgbà tí Ọba George Kẹrin wá sí Edinburgh ní 1822, tí òǹkọ̀wé Walter Scott ṣètò ayẹyẹ rẹ̀, ni pé kí clan kọ̀ọ̀kan ní ilà aṣọ tirẹ̀ gbilẹ̀. Aṣọ ẹbí ni, ó sì dára, àmọ́ ẹnikẹ́ni ló lè rà á lọ́jà.

Apá Amẹ́ríkà ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa fà á sẹ́yìn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ìkànìyàn 1790 ni àkọ́kọ́, olórí ilé nìkan ló dárúkọ. 1850 ló tó kọ orúkọ gbogbo ará ilé tó jẹ́ òmìnira. Wọn kò kọ orúkọ àwọn ẹrú síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ló ń jẹ́ orúkọ Scotland títí dòní. Ní North Carolina, àwọn ará Argyll, agbègbè kan ní Scotland, tó gúnlẹ̀ sí Cape Fear ní 1739 ṣe pàtàkì, torí náà kí wọ́n yẹ ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìhágún wò. Ní Scotland fúnra rẹ̀, 1855 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ló wà ṣáájú ìyẹn, ó sì wà lórí ScotlandsPeople, ìkànnì ìjọba Scotland fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láìmọ orúkọ ìjọ tàbí abúlé tí baba ńlá náà ti wá, inú ìwé wọ̀nyẹn á dà bí igbó. Kí wọ́n béèrè Bíbélì àtijọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà wọn, bóyá ẹnìkan ti kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́.